Tábìlì 43 nínú dátábéèsì àtijọ́: ṣé ọwọ́ ni kí n fi kọ kíláàsì wọn ni?

AkọkóòdùKàbà

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà iná tí kò sí.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kaṣú kan níhìn-ín ní Kàbà ló gbé iṣẹ́ fún mi. Dátábéèsì MySQL kan wà lọ́wọ́ wọn tí ẹnì kan ṣe fún wọn lọ́dún 2010. Ẹni náà ti ròkè òkun, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́, kò sì fi ìwé àlàyé kankan sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó wà lórí rẹ̀ ti ń mí gúlegúle. Wọ́n fẹ́ kí n ṣe òmíràn tí wọ́n á lè máa ṣí lórí fóònù ní àkókò kaṣú, nígbà tí àpò bá ń wọlé láti Bùnú àti Ìjùmú lójoojúmọ́.

Python ni mo gbọ́, Django, ohun èlò Python fún kíkọ́ ètò orí wẹ́ẹ̀bù, sì ni mo fẹ́ lò. Mo ṣí dátábéèsì náà, tábìlì 43 ni mo bá níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ní Django, tábìlì kọ̀ọ̀kan ní láti ní kíláàsì tirẹ̀ kí kóòdù wa tó lè bá a sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé a ń kọ SQL, èdè dátábéèsì, káàkiri. Mo ti kọ mẹ́ta láti àná, ojú ti ń ro mí. Tábìlì àwọn àgbẹ̀ nìkan ní kọ́lọ́ọ̀mù 38! Ṣé báyìí ni gbogbo yín ṣe ń ṣe é, àbí ọ̀nà wà tí ẹ̀rọ fi lè bá mi kọ ọ́?

Ẹ̀gbọ́n Lọ́kọ́ja

Àbúrò, sinmi. Dátábéèsì mọ ara rẹ̀ ju bí o ṣe mọ̀ ọ́n lọ. MySQL ní ibì kan tó ń jẹ́ information_schema, ibẹ̀ ló kọ orúkọ gbogbo tábìlì sí, àti kọ́lọ́ọ̀mù wọn, irú ohun tó wà nínú wọn, bó ṣe gùn tó, èyí tó lè ṣófo àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ ṣófo. Django á ka ibẹ̀, á sì kọ kíláàsì fún ọ:

`python manage.py inspectdb > models_aise.py`

Ẹ̀ẹ̀kan náà nìyẹn, kò tó ìṣẹ́jú kan. Àmọ́ kí o tó tẹ̀ ẹ́, ohun mẹ́ta. Fi mysqldump ṣe ẹ̀dà dátábéèsì náà, gbé ẹ̀dà náà sórí kọ̀ǹpútà tìrẹ, kí o sì máa fi òun ṣeré. Tí o bá gbọ́dọ̀ so ó mọ́ ojúlówó, dá aṣàmúlò kan tí kò ní àṣẹ ju SELECT, ìyẹn kíkà lásán, lọ. Ẹ̀kẹta, wo orúkọ fáìlì tí mo kọ yẹn dáadáa. Mi ò pè é ní models.py. Àmì > yẹn máa ń nu fáìlì tó bá wà níbẹ̀ mọ́ tónítóní kí ó tó kọ tuntun sí i, àwọn mẹ́ta tí o fi òógùn ojú kọ á sì lọ.

ỌmọMọ̀pà

Fún àwa tó ń lo Node, `npx prisma db pull` ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Á kọ gbogbo rẹ̀ sínú schema.prisma. Tábìlì tí kò bá ní ohunkóhun tó fi ìlà kan yàtọ̀ sí èkejì, Prisma á kọ @@ignore sí i lára, kóòdù rẹ kò sì ní lè fọwọ́ kàn án. Mo fi odindi ọ̀sán kan wá ìdí tí tábìlì kan fi sọnù kí n tó rí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn nísàlẹ̀.

AkọkóòdùKàbà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín. Ó ṣiṣẹ́! Kíláàsì 43 jáde kí n tó mu omi tán.

Ṣùgbọ́n ohun mélòó kan ń rú mi lójú. Ẹyọ ForeignKey kan, èyí tó ń so tábìlì mọ́ tábìlì, kò sí nínú gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ pé nọ́ńbà àgbẹ̀ tó wà nínú tbl_iko, níbi tí wọ́n ń kọ àpò kaṣú sí, tọ́ka sí tbl_agbe, ojú lásán ti fi hàn. Àmọ́ IntegerField lásán ni inspectdb kọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kọ́lọ́ọ̀mù tí wọ́n pè ní class, ìyẹn ipele kaṣú, ti di class_field. Mo sì rí managed = False nísàlẹ̀ kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Kí ni ìyẹn ń ṣe níbẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Lọ́kọ́ja

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó rọrùn kúrò nílẹ̀. Python ti gba ọ̀rọ̀ náà class fún ara rẹ̀, o kò lè fi sọ kọ́lọ́ọ̀mù lórúkọ, ìdí nìyẹn tó fi lẹ _field mọ́ ọn nídìí. Orúkọ gidi ṣì wà nínú db_column níwájú rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí o kò bá ti fọwọ́ kan db_column, pè é ní ipele tàbí ohun tó bá wù ọ́.

managed = False ń sọ fún Django pé onílé kọ́ ni, àlejò ni. Tí o bá ṣe migrate, àṣẹ tó ń mú kí tábìlì bá kíláàsì mu, kò ní dá tábìlì náà sílẹ̀, kò ní yí i padà, kò sì ní pa á rẹ́. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí gbogbo nǹkan á fi fìdí múlẹ̀. Ìnira tó wà níbẹ̀ ni pé tí o bá ń ṣe test, Django kò ní dá àwọn tábìlì yẹn sínú dátábéèsì ìdánwò, á wá máa pariwo pé òun kò rí tábìlì. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ sọ Django di onílé, yí i sí True, ṣe makemigrations, kí o wá fi `migrate --fake-initial` sọ fún un pé ilé ti wà nílẹ̀ kó má kọ́ òmíràn.

Ọ̀rọ̀ ForeignKey ló nípọn. Tẹ `SHOW TABLE STATUS;` kí o wo ohun tó wà lábẹ́ Engine, ìyẹn ọ̀nà tí MySQL ń gbà tọ́jú tábìlì kọ̀ọ̀kan.

AkọkóòdùKàbà

MyISAM. Gbogbo wọn, láti òkè délẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́kọ́ja

Mo fura. Títí dé MySQL 5.1, MyISAM ni MySQL máa ń fún ẹni tí kò bá sọ èyí tó fẹ́. Ìparí ọdún 2010 ni 5.5 jáde tó fi InnoDB rọ́pò rẹ̀. Foreign key ni okùn tó ń so tábìlì kan mọ́ èkejì, MyISAM kò sì mọ okùn kankan. Bí ẹni tó ṣe é bá tiẹ̀ kọ FOREIGN KEY nígbà náà, MyISAM á gbà á láìráhùn, á sì gbàgbé rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí wá ni inspectdb máa kà? Okùn yẹn wà lórí ọ̀gbẹ́ni tó ti wà ní òkè òkun báyìí. Ìwọ lo máa so ó padà.

Má tíì so ó o. Kọ́kọ́ wò ó bóyá òtítọ́ ni pé gbogbo àpò ló ní olówó:

`SELECT COUNT(*) FROM tbl_iko i LEFT JOIN tbl_agbe a ON i.agbe_no = a.agbe_no WHERE a.agbe_no IS NULL;`

Àlejò Ẹ̀gbẹ̀

Èmi ò tiẹ̀ mọ ohun tí ẹ ń fi tábìlì 43 ṣe. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ṣoṣo! Nínú SHOW TABLE STATUS yẹn náà, wo Update_time. MyISAM máa ń kọ ìgbà tí wọ́n fọwọ́ kan tábìlì kẹ́yìn síbẹ̀. Mo lè fi iyán oókan búra pé ìdajì nínú wọn ni ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lò gan-an kò ní ju mẹ́wàá lọ, mẹ́wàá kì í sì í ṣe ohun tí ọkùnrin ò lè fọwọ́ kọ.

AlágbẹdẹSQL

Ọkùnrin lè fọwọ́ kọ ọ́, ó sì lè ṣi max_length kọ bí mo ṣe ṣe. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ ọ́, kí ẹ wá yọ èyí tí ẹ kò fẹ́. inspectdb tiẹ̀ máa ń gba orúkọ tábìlì: `inspectdb tbl_agbe tbl_iko`, àwọn méjèèjì yẹn nìkan ló máa kọ.

Ẹni tí kò bá lo Django, SQLAlchemy, ohun èlò Python mìíràn fún dátábéèsì, ní ọ̀nà méjì, àwọn èèyàn sì máa ń dà wọ́n pọ̀. automap wà nínú SQLAlchemy fúnra rẹ̀: á ka dátábéèsì nígbà tí kóòdù bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, á ṣẹ̀dá kíláàsì sínú ìrántí, ẹ kò ní rí fáìlì kankan. Ó dùn fún iṣẹ́ kéékèèké. Ṣùgbọ́n tábìlì tí kò bá ní primary key, ìyẹn ohun tó fi ìlà kan yàtọ̀ sí èkejì, á fò ó kọjá, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. sqlacodegen ní tirẹ̀ máa ń kọ fáìlì gidi tí ẹ lè ṣí, kí ẹ kà á, kí ẹ tún un ṣe. Tí kò bá rí primary key, á kọ tábìlì náà sílẹ̀ bíi Table lásán dípò kíláàsì, ẹ ó sì rí i pẹ̀lú ojú yín pé nǹkan ṣe. Èmi ò lo automap fún iṣẹ́ tí owó wà nínú rẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ràn ohun tí mo lè kà.

AkọkóòdùKàbà

Ẹ̀gbọ́n Lọ́kọ́ja, èsì ìbéèrè yẹn: 212.

Ìlà 212 nínú àpò kaṣú ló ní nọ́ńbà àgbẹ̀ tí kò sí nínú tábìlì àgbẹ̀. Ọkàn mi fò. Mo rò pé wọ́n ti jí nǹkan ni. Mo lọ bá akọ̀wé wọn, ó sì dá mi lóhùn bí ẹni pé ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni: tí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá kú, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n má baà máa pè é nípàdé. Àpò tó kó wá nígbà ayé rẹ̀ ló ṣẹ́ kù tí kò ní olúwa.

Ṣé kí n pa ìlà 212 yẹn rẹ́ kí okùn lè so?

Ìyá Ìbejì Ìsánlú

Má dán an wò o! Ọmọ mi, owó ọmọ aláìlóbìí lo fẹ́ fọwọ́ pa rẹ́ yẹn. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó di akọkóòdù, mo sì mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń rí tí ọmọ olóògbé bá gbé ìwé ìfowópamọ́ bàbá rẹ̀ dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Ohun tí mo máa ṣe: béèrè ìwé ńlá tí wọ́n ń fọwọ́ kọ. Ẹgbẹ́ wo ni kò ní in? Wá orúkọ tó ń jẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tó sọnù, dá wọn padà sínú tábìlì àgbẹ̀, kí o sì fi kọ́lọ́ọ̀mù kan kún un tó ń sọ pé olóògbé ni. Láti ọjọ́ náà lọ, pípa rẹ́ ti di èèwọ̀ nínú ètò rẹ.

Mo rí i pé ẹ kò tíì bi í nípa owó. Irú kọ́lọ́ọ̀mù wo ni owó wà nínú rẹ̀?

AkọkóòdùKàbà

FloatField ni inspectdb kọ, mà. Mo wo inú dátábéèsì, FLOAT náà ni.

Ìyá Ìbejì Ìsánlú

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. FLOAT inú MySQL kò ṣeé gbọ́kàn lé ju nọ́ńbà bíi méje lọ. Kò lè di 16,777,217 mú rárá, 16,777,216 ni yóò kọ. Náírà kan ti lọ nìyẹn, kò sì sí olè kankan. Owó kaṣú ẹgbẹ́ lódindi á kọjá iye yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ọjà bá gbóná. Yí i sí DECIMAL, tó ń tọ́jú nọ́ńbà bó ṣe rí gan-an, nínú ẹ̀dà tìrẹ, kí o sì tún inspectdb ṣe fún tábìlì yẹn, DecimalField ni yóò gbé jáde. Ẹ̀rọ kọ ohun tó rí, kò mọ̀ pé owó ni.

Kí n sọ tèmi kí ẹ lè rẹ́rìn-ín. C# ni mò ń lò, `dotnet ef dbcontext scaffold` ni tiwa. Lẹ́yìn tó bá mi kọ kíláàsì, mo wọ inú wọn, mo fi iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta kún wọn. Wọ́n wá fi kọ́lọ́ọ̀mù kan kún dátábéèsì, mo tún àṣẹ náà pè pẹ̀lú --force. Ó bò gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Omijé bọ́ lójú mi lóru ọjọ́ náà. Partial class ni wọ́n ń kọ jáde, kí èèyàn lè kọ tirẹ̀ sínú fáìlì mìíràn tí ẹ̀rọ kò ní fọwọ́ kàn, èmi ni mi ò kà á. Ẹ̀kejì ni pé ọ̀rọ̀ aṣínà dátábéèsì wà gbalaja nínú fáìlì DbContext tó kọ. Ìkìlọ̀ wà lórí rẹ̀ o, mo kàn gbójú fò ó, mo sì ti gbé e sórí GitHub kí n tó mọ̀. --no-onconfiguring ni mo máa ń fi kún un báyìí.

ỌmọMọ̀pà

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o 😂 Àwa mélòó ni kò tíì gbé ọ̀rọ̀ aṣínà sórí GitHub rí?

Ẹ̀gbọ́n Lọ́kọ́ja

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún ti àwọn olóògbé, torí ibẹ̀ ni Django ti máa ń bu èèyàn jẹ láìgbó.

Ká ní o ti yí IntegerField yẹn sí ForeignKey, tí o sì pe àpò kaṣú pẹ̀lú select_related kí orúkọ àgbẹ̀ lè bá a wá. Tí o kò bá fi null=True sí i, Django gbà pé gbogbo àpò ló ní olúwa, INNER JOIN ni yóò fi so wọ́n. Àpò tí olúwa rẹ̀ kò sí á kàn pòórá nínú àkójọ. Kò sí àṣìṣe tí yóò hàn, kò sí pupa kankan. Àròpọ̀ kan á sọ iye kan, òmíràn á sọ iye mìíràn, alága á sì rò pé o ti fi ọwọ́ bọ àpò. Nítorí náà, títí o fi máa dá àwọn 212 padà, kọ null=True, kọ db_constraint=False, kí DO_NOTHING sì wà ní ipò on_delete. Tí null=True bá wà níbẹ̀, LEFT JOIN ni yóò lò, àwọn olóògbé á sì hàn pẹ̀lú àyè òfìfo níbi orúkọ.

Lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti padà, gbé àwọn tábìlì náà sórí InnoDB, kí o wá kọ foreign key gidi sínú dátábéèsì. Tí o bá tún inspectdb pè lọ́jọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ ForeignKey.

AlágbẹdẹSQL

Ẹ bá mi wo ọjọ́ ìbí wọn náà. Mo mọ irú dátábéèsì yẹn. Bàbá àgbà tí kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, akọ̀wé á fi àyè náà sílẹ̀, MySQL àtijọ́ á sì kọ 0000-00-00 síbẹ̀. DateField ni inspectdb máa kọ, kò ní sọ fún ọ pé ọdún òdo wà nínú rẹ̀. Tí o bá ń rò ó láti kó lọ sí PostgreSQL, irú dátábéèsì mìíràn, PostgreSQL kò ní gba ọjọ́ bẹ́ẹ̀ láéláé. pgloader, ohun èlò tó ń kó dátábéèsì lọ síbẹ̀, á sọ wọ́n di NULL (àyè òfìfo) fún ọ lójú ọ̀nà, àmọ́ kíláàsì rẹ gbọ́dọ̀ ti gbà pé àyè yẹn lè ṣófo.

AkọkóòdùKàbà

Òótọ́ ni! 0000-00-00 kún ibẹ̀ bí eṣú. Orúkọ kan tún wà níbẹ̀ tí mo rí, "?l??runf??mi". Mo kọ́kọ́ rò pé fáìrọ́ọ̀sì ni.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́kọ́ja

Ọlọ́runfẹ́mi ni. latin1 ni àkójọ lẹ́tà tí tábìlì náà ń lò, òun ni MySQL ń fúnni kó tó di 8.0. latin1 mọ à àti é, kò mọ ọ, ẹ, ṣ. Ẹnì kan gbìyànjú láti kọ orúkọ náà bó ṣe yẹ, dátábéèsì sì fi àmì ìbéèrè san án lẹ́san. Ohun tó ti di ? kò lè padà mọ́, ìwé ọwọ́ ni wàá tún wò. Gbé tábìlì tuntun sórí utf8mb4, tó mọ gbogbo lẹ́tà wa, kó má tún ṣẹlẹ̀.

Àlejò Ẹ̀gbẹ̀

Tábìlì mélòó ló wá kù? Mi ò gbàgbé o.

AkọkóòdùKàbà

Ẹ̀gbọ́n, 14 😀 Ẹ kò jìnnà sí i. tbl_test wà níbẹ̀, tblLoan_old, tblLoan_old2, àti kan tó ń jẹ́ tbl_aaa tí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀. Mo fi ẹ̀rọ kọ 14 yẹn, mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo yí orúkọ wọn padà, Agbe dípò TblAgbe, db_table sì wà bó ṣe wà. Ọjọ́ méjì ni gbogbo rẹ̀ gbà mí. Àwọn olóògbé ló gba ọ̀sẹ̀ kan, torí ìwé ńlá náà pé mẹ́ta, eku sì ti jẹ nínú ọ̀kan.

Ohun kan ló kù. Kọ́lọ́ọ̀mù kan wà nínú tábìlì àgbẹ̀ tó ń jẹ́ st. IntegerField. 1, 2, 3 àti 9 ló wà nínú rẹ̀. Akọ̀wé ìsinsìnyí mọ 1, 2 àti 3: ẹni tó ń san owó ẹgbẹ́, ẹni tó dáwọ́ dúró, ẹni tó ti jáde. 9 kò yé e. Ó ní báyìí lòun ṣe bá a. Mo fẹ́ kàn sọ 9 di 1.

Ìyá Ìbejì Ìsánlú

Ta ni akọ̀wé tó wà níbẹ̀ kí èyí tó dé? Ṣé ó wà láyé? Lọ bá a, gbé nǹkan lọ́wọ́.

AkọkóòdùKàbà

Mo ti lọ, mà. Bàbá ti fẹ̀yìn tì sí abúlé wọn ní Bùnú, ọ̀kadà ni mo gùn débẹ̀. Mo gbé búrẹ́dì àti mílíìkì lọ. Bí mo ṣe sọ "9" ni bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn tó gba owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kí kaṣú tó gbó ni, láti fi san owó iléèwé ọmọ tàbí láti fi sìnkú. Tí wọ́n bá gbé àpò dé, a kì í fún wọn lówó títí àpò fi máa tó iye tí wọ́n ti jẹ. Ètò àtijọ́ náà mọ̀ ọ́n, inú kóòdù rẹ̀ ló wà, kò sí nínú dátábéèsì níbikíbi.

Mo ti kọ ọ́ sí choices, níbi tí Django ti ń kọ ìtumọ̀ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, báyìí: 9, "ó gba owó ṣáájú".

Ẹ̀gbọ́n Lọ́kọ́ja

Wọ́n tó mélòó?

AkọkóòdùKàbà

61. Mọ́kànlá nínú wọn wà lára àwọn olóògbé. Ìpàdé ẹgbẹ́ di ọjọ́ Sátidé, mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa là á fún alága.